Bí ẹ ṣe lè yan ṣọ́ọ̀kì fún píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ti gbé iwájú rẹ̀ sókè

Nígbà tí mo ra Tacoma mi, bó ṣe dúró ló kọ́kọ́ wù mí. Tòkunbọ̀ ni, ti 2008, láti Amẹ́ríkà. Ẹni tó lò ó lọ́hùn-ún ti gbé iwájú rẹ̀ sókè tó fi dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, ń yí i po, wọ́n ń wò ó. Mi ò bèèrè ohun tí wọ́n fi gbé e, mi ò sì wo abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì iwájú kú, mo lọ sọ́jà, mo ní kí wọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀kì Tacoma 2008. Wọ́n fún mi, mẹkáníìkì fi wọ̀ ọ́, mo sanwó, mo lọ. Oṣù márùn-ún ò tíì pé tí ọ́ìlì fi ń ṣàn lára méjèèjì. Kí wọ́n tó jò pàápàá, gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí bọ́ǹpù ni mò ń gbọ́ “gbà!” lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tí èèyàn fi òòlù lu irin.

Bàbá mẹkáníìkì kan ní Òjòó ló là mí lójú. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, ó wá ní, “Ọmọ mi, o ò ra ṣọ́ọ̀kì búburú o. Ṣọ́ọ̀kì tí kò mọ ọkọ̀ rẹ lo rà.” Òótọ́ ló sọ. Ojúlówó ni àwọn ṣọ́ọ̀kì yẹn, àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe wọ́n fún kò dúró bí tèmi ṣe dúró. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní píkọ́ọ̀pù tí wọ́n gbé iwájú rẹ̀ sókè pé kó má ṣe fi orúkọ ọkọ̀ nìkan ra ṣọ́ọ̀kì. Bí ọkọ̀ ṣe dúró lónìí, àti ẹrù tó ń gbé, ni kó fi rà á. Téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ tó láti fi ṣe iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni bébà kan àti bírò.

Sípíríǹgì ló ń ru ọkọ̀

Ẹ jẹ́ ká yanjú èyí ná, torí òun ló ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Sípíríǹgì ló ń ru ọkọ̀, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì á nà, á sún kì, á tún nà. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò máa jó lọ ni. Ṣọ́ọ̀kì ló ń mú un lọ́wọ́. Inú rẹ̀ kún fún ọ́ìlì, písítọ̀n kan sì wà níbẹ̀ tó ní àwọn ihò tíńtín. Bí ọ̀pá dídán rẹ̀ ṣe ń wọlé tó ń jáde ni ọ́ìlì ń fi agbára gba inú ihò wọ̀nyẹn kọjá. Agbára ijó tí sípíríǹgì fẹ́ jó ni ọ́ìlì ń sọ di ooru. Ìdí nìyẹn tí ara ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná tí ẹ bá ti ojú ọ̀nà tó bàjẹ́ dé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ ra ṣọ́ọ̀kì líle kí iwájú ọkọ̀ lè ga sí i, ẹ bi í pé ibo ni sípíríǹgì yóò jókòó. Oríṣi ṣọ́ọ̀kì kan wà tó ní ìjókòó sípíríǹgì lára, tí a lè gbé ìjókòó náà sókè sódò. Mo máa dé ibẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ọkọ̀ ga.

Ohun kejì ni ìdí tí iwájú píkọ́ọ̀pù fi máa ń relẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ nígbà tó bá ti ilé iṣẹ́ jáde. Ẹrù ni. Bí ẹ bá di gaàrí láti Ìṣẹ́yìn tàbí pákó láti Ẹ̀rúwà kún ẹ̀yìn, ẹ̀yìn á jókòó, ọkọ̀ á wá dọ́gba. Ẹni tó ti gbé iwájú sókè kí ọkọ̀ lè dọ́gba lófìfo ti ná àyè yẹn tán. Bó bá di ẹrù, imú ọkọ̀ á kọjú sọ́run, iná iwájú á máa gún ẹni tó ń bọ̀ lójú, sítíárì á sì fúyẹ́ lọ́wọ́ nítorí pé ìwúwo ti kúrò lórí táyà iwájú. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò: bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ yín ń gbé ẹrù lọ sí Bódìjà, ẹ kọ́kọ́ ronú bóyá kí ẹ yọ ohun tí wọ́n fi gbé e sókè, kí ẹ sì ra ṣọ́ọ̀kì tó bá ìwọ̀n ilé iṣẹ́ mu. Owó tí ẹ máa ná á dínkù, ọkọ̀ á sì rọ ọwọ́ sí i. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, tàbí tó ń gba ọ̀nà oko olókùúta tó sì fẹ́ kí abẹ́ iwájú rẹ̀ ga, ló yẹ kó máa bá mi bọ̀.

Ẹ wá ohun tí wọ́n fi gbé e rí

Ọ̀nà tí wọ́n fi gbé iwájú ọkọ̀ ló ń sọ irú ṣọ́ọ̀kì tí ẹ máa rà, ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fún yín gbọ́ láìwò ó. Ẹ yí táyà iwájú sí apá kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo abẹ́ ibẹ̀ dáadáa.

Nínú ọ̀pọ̀ Hilux àtijọ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú 2005, àti Nissan Hardbody, sípíríǹgì iwájú kì í ká bí èyí tí a mọ̀. Irin gígùn kan ni, torsion bar, tó na ara rẹ̀ sẹ́yìn lábẹ́ ọkọ̀, tó ń lọ́ bí táyà bá ń gòkè. Ṣọ́ọ̀kì dá dúró tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti gbé irú ọkọ̀ yìí sókè, mẹkáníìkì á kàn fi sípánà yí bóòtù kan lábẹ́ tàbí kó pààrọ̀ ìdè tó wà ní ìdí irin náà. Ó rọrùn, kò náni lówó, ìdí sì nìyẹn tí ó fi pọ̀ ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yí i tí ọkọ̀ ń ga, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì ń nà, kò sì sẹ́ni tó ń bi ṣọ́ọ̀kì bóyá ó ṣì ní àyè.

Nínú Hilux láti 2005 wá, Tacoma láti 2005, àti Ranger láti 2012, ṣọ́ọ̀kì iwájú wọ inú sípíríǹgì tó ká. Ọ̀nà méjì tí wọ́n sábà máa ń fi gbé irú èyí ni kí ẹ dá mọ̀ yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni sípésà tí wọ́n fi sí orí gbogbo rẹ̀, láàárín orí ṣọ́ọ̀kì àti irin ọkọ̀. Ẹ máa rí i bí àwo roboto tó nípọn, ti irin fúyẹ́ tàbí ti rọ́bà líle, tí àwọn nọ́ọ̀tì mẹ́ta di orí rẹ̀ mú. Èkejì farasin. Inú ni wọ́n fi sípésà náà sí, láàárín sípíríǹgì àti ìjókòó rẹ̀ lókè. Òun ló wà lára tèmi. Àwọn méjèèjì ń gbé ọkọ̀ sókè, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi ojú ṣọ́ọ̀kì rí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èyí tó wà lórí, ṣọ́ọ̀kì kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ló sún wálẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ọkọ̀ bá dúró, ibi tí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Ibi tí wàhálà wà ni òpin méjèèjì: táyà á lè sọ̀ kalẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì (oríkèé tó so táyà mọ́ apá irin abẹ́ ọkọ̀) àti CV joint (oríkèé irin tó ń yí táyà) á sì tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí táyà bá sì gòkè pátápátá, ṣọ́ọ̀kì lè kan ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ kí lówà-áàmù, ìyẹn apá irin ìsàlẹ̀ tó di táyà mú, tó kan rọ́bà ìdádúró, ìyẹn rọ́bà tó ń dá a dúró kó má gòkè jù.

Èyí tó wà nínú, ó ń tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀ ṣáájú. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì lè nà dé kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ga, ọ̀pá ti jáde, àyè tó kù fún un láti nà ti dínkù. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lórí bọ́ǹpù, táyà fẹ́ balẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ti nà dópin. “Gbà!” Ohùn tí mo gbọ́ fún oṣù márùn-ún nìyẹn, tí mo ń rò pé búṣì, rọ́bà tó wà níbi tí irin ti so mọ́ra, ló kú.

Ohun kan tí ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu: sípésà tó nípọn ní íǹṣì kan lè gbé ọkọ̀ sókè ní nǹkan bí íǹṣì méjì. Ìdí ni pé ṣọ́ọ̀kì kì í dúró sórí táyà tààrà. Àárín lówà-áàmù ló jókòó sí. Bí ibẹ̀ bá sún wálẹ̀ díẹ̀, orí áàmù lọ́dọ̀ táyà á sún ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ ṣe mọ̀ pé etí ilẹ̀kùn ń rìn ju ìdí rẹ̀ lọ. Ẹ rántí èyí tí ẹ bá dé ibi ìṣirò.

Ẹ mú téèpù

Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́, láìsí ẹrù, afẹ́fẹ́ táyà kó pé. Ẹ tì í síwájú sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì kí sípíríǹgì lè jókòó. Ẹ wọ̀n láti àárín rííìmù dé etí irin tó wà lókè táyà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àárín rííìmù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀, kí táyà ńlá má baà tàn yín jẹ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọ̀tún àti òsì bá yàtọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, sípíríǹgì kan ti rẹ̀ tàbí kí torsion bar má dọ́gba. Ẹ tún ìyẹn ṣe kí ẹ tó ronú nípa ṣọ́ọ̀kì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé irin ọkọ̀ títí táyà iwájú fi kúrò nílẹ̀ tó ń fì. Ẹ fi ìdúró jáàkì sí abẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé. Ẹ tún ibi kan náà wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí ọkọ̀ dúró àti ìgbà tí táyà ń fì ni àyè tí táyà yín ní láti sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àbọ̀. Lójú ọ̀nà wa, èmi kò fẹ́ kó dín ní mẹ́fà. Kòtò tó jìn ju àyè yẹn lọ, ṣọ́ọ̀kì ni táyà yóò so rọ̀ mọ́, tàgbáratàgbára, lójoojúmọ́, títí rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀ yóò fi ya tí ọ́ìlì yóò sì máa jò.

Fún àwọn tó ní torsion bar, iṣẹ́ náà ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ẹ lè yọ ṣọ́ọ̀kì kúrò láìfọwọ́ kan sípíríǹgì. Ẹ yọ ọ́. Ẹ fi jáàkì kékeré gbé lówà-áàmù títí tó fi kan rọ́bà ìdádúró tó sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ wọ̀n láti ojú bóòtù òkè dé ojú bóòtù ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni gígùn tó kúrú jù tí ṣọ́ọ̀kì yóò bá ara rẹ̀. Ẹ sọ jáàkì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí áàmù fi dúró fúnra rẹ̀ lókè rọ́bà kejì, èyí tí kì í jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ jù, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìyẹn ni gígùn tó gùn jù. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ lè sún kì ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó sì lè nà ju ti èkejì lọ díẹ̀, kí rọ́bà ló máa gba ìlù, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ṣe é. Ká ní ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35 bó bá nà tán, tó sì jẹ́ 24 bó bá sún kì tán. Ìrìn rẹ̀ jẹ́ 11. Nígbà tí ọkọ̀ dúró bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, ṣọ́ọ̀kì wà ní 30: ó ní 6 láti fi sún kì, 5 láti fi nà. Wọ́n wá gbé iwájú sókè ní sẹ̀ǹtímítà 5, ìyẹn íǹṣì 2. Ẹ wọ̀n láti ìdí áàmù dé ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti dì í mú, ká ní ó jẹ́ 24, kí ẹ sì wọ̀n láti ìdí kan náà dé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ká ní ó jẹ́ 40. Ẹ pín 24 sí 40, yóò jẹ́ 0.6. Nítorí náà ṣọ́ọ̀kì ti nà ní 5 lọ́nà 0.6, ìyẹn 3. Ó wà ní 33 báyìí. Ó ní 9 láti sún kì, ṣùgbọ́n 2 péré ló kù láti nà. Lọ́dọ̀ táyà, 2 yẹn kò ju sẹ̀ǹtímítà 3.3 lọ. Irú ọkọ̀ yìí nílò ṣọ́ọ̀kì tó lè nà dé nǹkan bí 38, tó ṣì lè sún kì dé 24 tàbí kó dín. Bí ẹ bá rí èyí tó nà dé 38 ṣùgbọ́n tí kò lè sún kì ju 27 lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ní kòtò àkọ́kọ́ tó bá jìn, yóò kan ìsàlẹ̀, yóò sì fọ́ tàbí kó ya ibi tí wọ́n ti dè é.

Lójú tèmi, ibi tó dára kí ṣọ́ọ̀kì wà nígbà tí ọkọ̀ dúró ni ibi tí bíi ìdajì ìrìn rẹ̀ tàbí díẹ̀ sí i ti kù fún ìsúnkì, tí ìyókù sì wà fún ìnà. Ẹni tó ń gbé ẹrù, kó fi ti ìsúnkì pọ̀ sí i.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí. Ẹ má ṣe rò pé bí ṣọ́ọ̀kì bá ṣe gùn tó ló ṣe dára tó. Nínú ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì wọ inú sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ló ń dá táyà dúró kó má sọ̀ kalẹ̀ jù. Bó bá gùn jù, ohun tí yóò dá táyà dúró ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, CV joint, tàbí họ́ọ̀sì bíréèkì. Ẹ ò fẹ́ kí họ́ọ̀sì bíréèkì já lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn.

Irú èyí tí ẹ máa rà

Bí sípésà bá wà lórí gbogbo rẹ̀, tí gíga rẹ̀ lọ́dọ̀ táyà kò sì ju íǹṣì méjì lọ, ṣọ́ọ̀kì tó gùn bíi ti ilé iṣẹ́ tó yín. Kí ẹ ṣáà rí i dájú pé rọ́bà ìdádúró wà níbẹ̀, tí kò sì tíì jẹrà. Lára ọkọ̀ tòkunbọ̀, ó sábà máa ń ti gé.

Bí sípésà bá wà nínú, ẹ yọ ọ́ dànù. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ lè ra ṣọ́ọ̀kì tó ní ìlà yípo lára, bíi Bilstein 5100, tí a ń gbé ìjókòó sípíríǹgì sí ìlà tó bá wù wá. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé gbígbé ìjókòó sókè náà ń tẹ sípíríǹgì ṣáájú, ó sì ń jẹ lára àyè ìnà. Ìlà ìsàlẹ̀ tàbí ti àárín tó fún ọkọ̀ Ìbàdàn. Ẹni tó bá gbé e sí ìlà tó ga jù yóò tún máa gbọ́ “gbà” tèmi. Ọ̀nà kejì, tó wù mí jù tó sì wọ́n jù, ni kí ẹ ra sípíríǹgì tó ga díẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún un, tí wọ́n jọ wá. Old Man Emu láti Ọsirélíà ń ṣe irú rẹ̀ fún Hilux àti Tacoma. Sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n mọ ara wọn kì í jà.

Lẹ́yìn gígùn, inú rẹ̀ ló kàn. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Oní-páìpù méjì ní páìpù kékeré nínú ńlá. Ọ́ìlì ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Ó rọ ara, kò wọ́n púpọ̀. Ohun tó dára lára rẹ̀ fún ọ̀nà olókùúta ni pé bí òkúta bá ta bà á tí ara rẹ̀ sì wọ inú díẹ̀, ó ṣì lè ṣiṣẹ́, torí páìpù tí písítọ̀n ń rìn nínú rẹ̀ wà láàbò nínú. Àbùkù rẹ̀ ni pé lójú ọ̀nà tó bàjẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ọ́ìlì rẹ̀ á pò mọ́ afẹ́fẹ́, á hó, ṣọ́ọ̀kì á sì di aláìlágbára títí yóò fi tutù. Gáàsì náítírójìn tí wọ́n máa ń fi sínú àwọn kan ń dín èyí kù.

Oní-páìpù kan ní páìpù kan ṣoṣo. Gáàsì tó ní agbára gan-an wà ní apá kan, ọ́ìlì ní apá kejì, nǹkan kan sì pín wọn níyà tó fi jẹ́ pé wọn ò lè pò. Ooru ń jáde lára rẹ̀ kíákíá, kì í tètè rẹ̀ lójú ọ̀nà gígùn tó bàjẹ́. Bilstein ti Jámánì ló lókìkí jù nínú irú èyí. Ó le díẹ̀ lábẹ́ ìdí ẹni bí ọkọ̀ bá ṣófo. Òkúta sì ni ọ̀tá rẹ̀: bí ara rẹ̀ bá wọ inú, písítọ̀n á há, ó parí.

Tí ẹ bá bi mí: ẹni tó ń gbé nígboro, tó ń lọ láti Mọ́kọ́lá sí Challenge, tó sì ń jáde sí oko lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kó ra oní-páìpù méjì tó ní gáàsì, bíi ti KYB tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní Kayaba. Ẹni tó ń sáré lójú ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú ẹrù, tí ooru ń pa ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, kó náwó sí oní-páìpù kan. Èyí tó le jù tí wọ́n ṣe fún eré ìje inú aṣálẹ̀ kò wúlò fún wa. Eyín yín ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Ti ẹ̀yìn

Èyí kò pẹ́. Bó bá jẹ́ pé iwájú nìkan ni wọ́n gbé, ẹ̀yìn wà bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, ṣọ́ọ̀kì gígùn ilé iṣẹ́ ni kí ẹ rà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó gùn fún yín kí ó lè “bá iwájú mu”. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi líìfù (irin pẹlẹbẹ tó jẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn) kún líìfù nítorí ẹrù, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe nílùú yìí, ẹ̀yìn náà ti ga, ẹ wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe wọn iwájú. Ẹ wọ̀n ọ́n lófìfo, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹrù tí ẹ sábà ń gbé bá wà nínú rẹ̀, torí pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn ju iwájú lọ.

Lọ́jà

Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ dání, pẹ̀lú bébà tí ẹ kọ ìwọ̀n sí. Ní Ararọ̀mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Agodi Gate, ẹni tó bá rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ yóò bá yín sọ̀rọ̀ lọ́nà mìíràn. Ẹ ní kí ó gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, kí ẹ fa ọ̀pá rẹ̀ tán kí ẹ sì fi téèpù wọ̀n ọ́n, láti àárín ojú kan dé àárín ojú kejì. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wọlé tán, ẹ wọ̀n ọ́n. Oní-páìpù kan lè le láti tẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Ẹ gbé e lé ilẹ̀ kí ẹ sì fi ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo bí orí àti ìdí rẹ̀ ṣe rí: ṣé ojú oníbúṣì ni àbí ọ̀pá tó ní nọ́ọ̀tì lórí, ṣé búṣì náà fẹ̀ tó ti bóòtù yín. Nọ́ńbà pááàtì gbọ́dọ̀ wà lára ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, kó sì bá ti páálí mu. Ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán bíi dígí. Méjì méjì ni kí ẹ máa rà á, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọkọ̀ má baà fa ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Ṣọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ ńkọ́? Mi ò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ bí owó ṣe rí, nítorí náà ẹni tó bá máa rà á, kó gbé e dúró ṣánṣán kó sì fà á kó tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ó gbọ́dọ̀ le déédéé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bó bá ń já gẹ̀ẹ́ níbì kan, inú rẹ̀ ti kú. Èyí tó ní gáàsì gbọ́dọ̀ nà padà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí kò bá padà, gáàsì ti lọ. Ẹ fi èékánná ra ọ̀pá rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tí èékánná bá há sí ni yóò ya rọ́bà tó dí ẹnu rẹ̀. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí ara rẹ̀ mọ́ tónítóní jù. Ó lè jẹ́ pé kẹrosíìnì ni wọ́n fi nu ọ́ìlì tó jò kúrò. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun yóò lu ihò sára ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ yín láti da ọ́ìlì sínú rẹ̀, ẹ gbé e kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ní gáàsì lè bú gbàù.

Fífi wọ̀ ọ́

Mẹkáníìkì yín mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní kọ́ ọ. Ohun mẹ́ta ni mo ní kí ẹ dúró tì í fún.

Ti àkọ́kọ́, tó lè gba ẹ̀mí: nọ́ọ̀tì tó wà ní àárín gbùngbùn orí ṣọ́ọ̀kì tó wọ inú sípíríǹgì ló so sípíríǹgì yẹn mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá tú u láìfi irinṣẹ́ tó ń fún sípíríǹgì pọ̀ dì í, yóò fò bí ọta ìbọn. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi wáyà dì í. Ẹ má gbà. Ẹ yá irinṣẹ́ náà, tàbí kí ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní i.

Èkejì, oní-páìpù méjì máa ń dùbúlẹ̀ nínú páálí, afẹ́fẹ́ á sì ti wọ ibi tí kò yẹ nínú rẹ̀. Kí ó gbé e dúró, kí ó tẹ̀ ẹ́ kó sì fà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún kó tó fi wọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe fún bóòtù búṣì tán nígbà tí táyà ṣì ń fì. Rọ́bà búṣì á lọ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti fún un. Bí ọkọ̀ bá wá balẹ̀, á wà lọ́lọ̀ọ́ títí ayé, á sì tètè ya. Kí ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí táyà rẹ̀, kó wá fún un pátápátá. Ọ̀pọ̀ búṣì tuntun tó ń kú láàárín oṣù díẹ̀, ibí ni wọ́n ti pa á.

Kí ọkọ̀ tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí sítíárì dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì nígbà tí táyà ń fì, kí ẹ wò bóyá họ́ọ̀sì bíréèkì le gírígírí, bóyá ọ́pà-áàmù (apá irin ti òkè) ń kan sípíríǹgì, bóyá rọ́bà CV joint ń pa ara rẹ̀ lára. Láti ibẹ̀, ibi aláìmẹ́ǹtì ni kí ẹ wà á lọ tààrà. Ọkọ̀ tí gíga rẹ̀ bá yí padà, bí táyà ṣe dúró náà ti yí padà, táyà tuntun lè jẹ ní etí kan ṣoṣo kí ẹ tó mọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n tún gbogbo bóòtù náà fún. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ti ojú ọ̀nà tó bàjẹ́ dé, ẹ pa ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níkọ̀ọ̀kan. Iwájú méjèèjì gbọ́dọ̀ gbóná bákan náà, ẹ̀yìn méjèèjì bákan náà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó tutù nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ gbóná, òun ni kò ṣiṣẹ́ lónìí. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á nígbà tí rìsíìtì ṣì wà lápò yín.